Ìwà Lẹwà: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Àtíbàbà Ibùdókọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Jígí Àwùjọ

Àṣamọ̀

Ewì, ìtàn àròsọ àti eré onítàn ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́ ní èdè Yorùbá máa ń dá lé. Àwọn ilé kéékèèké tí ará ìlú ń lò lójoojúmọ́ kì í sábà sí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbé àtíbàbà ibùdókọ̀ yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà tí ó ń fi irú ojú tí àwùjọ fi ń wo àwọn ènìyàn rẹ̀ hàn. Àwọn àtíbàbà ojú ọ̀nà BRT tí wọ́n ṣí ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2008 ni gbòógì ohun tí ó gbé yẹ̀ wò. Ti Krumbach ní ilẹ̀ Austria àti ti Curitiba ní ilẹ̀ Bràsíìlì wà fún ìfiwéra. Èrò Yorùbá tí ó sọ pé ìwà lẹwà ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Àbájáde àyẹ̀wò náà ni pé kì í ṣe ọnà tí wọ́n kùn sí àtíbàbà lára ni ó ń sọ ọ́ di ti àdúgbò, bí kò ṣe bí ó ti ń ṣe sí ẹni tí ó dúró lábẹ́ rẹ̀.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé orúkọ kì í dá wà. Ìtàn ilé, ipò òbí àti ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó yí ìbí ọmọ ká ni ó ń bí orúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àdúgbò. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Mile 12 lọ sí CMS ní ìlú Èkó yóò gba ojú ọ̀nà tí orúkọ àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìwé ìtàn. Mile 12 ń rántí ìwọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka jíjìn ọ̀nà. Kétu ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìlú Yorùbá àtijọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí. Ìdí-Ìrókò ń tọ́ka sí igi. Ọbáníkòró jẹ́ oyè láàrin àwọn ìjòyè Èkó. Fádèyí sì jẹ́ irú orúkọ tí ìdílé onífá máa ń sọ ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ àtíbàbà sí ojú ọ̀nà yìí fún ọkọ̀ BRT ní ọdún 2008, ojú kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Èrò tí ó bá sùn lọ nínú ọkọ̀, tí ó sì ta jí lójijì, kò lè fi àtíbàbà mọ̀ bóyá Ọbáníkòró ni òun wà tàbí Fádèyí, àfi bí ó bá ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó. Orúkọ yàtọ̀, ojú jọra. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: ǹjẹ́ àléébù ni ìjọra yìí? Bí ó bá sì jẹ́ àléébù, kí ni yóò mú kí àtíbàbà kan jẹ́ ti àdúgbò tí ó wà ní tòótọ́?

Òṣùwọ̀n Àyẹ̀wò

Lámèyítọ́ kò lè ṣiṣẹ́ láìní òṣùwọ̀n. Tíọ́rì ìmọ̀ ìbára-ẹni-gbé-pọ̀ gbà pé iṣẹ́ ọnà kì í ṣàdédé wà. Àwùjọ ni ó ń bí i, òun náà sì ń fi àwùjọ hàn. Tíọ́rì yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò tó fún ohun tí ènìyàn ń fi ara lò. Ìwé ewì kò lè jò lé ènìyàn lórí, àtíbàbà lè jò. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ yìí fi mú èrò Yorùbá nípa ẹwà kún un.

Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ìwà lẹwà, kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìwà tún jẹ́ bí nǹkan ṣe wà, èyí tí ó mú un jẹ́ ohun tí ó jẹ́. Ìkòkò tí wọ́n fín lára lọ́nà tí ó wuni, tí ó sì ń jò, ti pàdánù ìwà ìkòkò. Fínfín ara rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀. Ìwà àtíbàbà ibùdókọ̀ ni pé kí ó bo ènìyàn lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, kí ó fún un ní ibi ìjókòó, kí ó sì jẹ́ kí ó rí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Láti inú èrò yìí ni ìbéèrè mẹ́ta ti jáde. Ta ni àtíbàbà náà ń bò? Ọwọ́ ta ni ó kọ́ ọ? Kí ni ó ń sọ nípa ibi tí ó wà? Bí àwọn ìbéèrè yìí ṣe tẹ̀lé ara wọn ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó bá fò lọ sórí ẹ̀kẹta láìtíì dáhùn èkíní, ọ̀ṣọ́ lásán ni yóò ṣe.

Ibi Ìdúró Láàrin Àwọn Yorùbá

Kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé ni àwọn Yorùbá ti ní ibi tí ènìyàn ń dúró sí. Igi ọdán ni wọ́n sábà máa ń gbìn sí iwájú ààfin àti sí ojú ọjà nítorí ibòji rẹ̀. Ibòji náà fẹ̀, kò ní ìlẹ̀kùn, wọn kì í sì í lé ẹnikẹ́ni kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ń ta ayò níbẹ̀, ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn dé ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ìyá ẹlẹ́kọ tàbí ẹlẹ́pà sì ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí fi hàn pé ìdúró kì í ṣe àkókò òfo lójú Yorùbá. Àkókò ìkíni, ọ̀rọ̀ sísọ àti kárà-kátà ni. Abájọ tí ibùdókọ̀ púpọ̀ fi ń jẹ́ orúkọ igi títí di òní, bí Ìdí-Ìṣin ní Ìbàdàn, Ìdí-Ìrókò àti Ìdí-Àràbà ní Èkó. Igi ni àtíbàbà àkọ́kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, igi ti lọ, orúkọ ni ó kù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni èkejì. Ó wà láàrin ìta àti inú ilé. Àlejò tí kò tíì wọlé ń jókòó níbẹ̀, onílé tí ó fẹ́ fi ojú sí ìta ń jókòó níbẹ̀. Òrùlé rẹ̀ a máa yọ síwájú, a sì wálẹ̀ díẹ̀, kí òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbé gba ẹ̀gbẹ́ má baà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó. Ní ààfin, òpó tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí ni ó máa ń gbé irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ró. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1938, gbẹ́ òpó fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó fi ọba hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní ilé ọnà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí. Ère ni àwọn tí ń wò ó níbẹ̀ ń rí. Ní Ìkẹ́rẹ́, òpó ni. Òrùlé ni ó gbé. Ọnà ara rẹ̀ kò yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́, iṣẹ́ kò sì ní kí ó má lẹ́wà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni irú ìdàpọ̀ ọnà àti ìlò yìí ti ṣeé ṣe. Ní àwọn ọdún 1960, Adébísí Àkànjí, tí iṣẹ́ bíríkìlà ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀, fi sìmẹ́ńtì ṣe ògiri oníhò fún ilé epo kan ní Òṣogbo. Àwòrán ènìyàn àti ẹranko ni ó kún ara ògiri náà, ihò tí ó wà láàrin wọn sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ilé epo jẹ́ ohun tuntun tí ọkọ̀ mú wá, gẹ́gẹ́ bí àtíbàbà ibùdókọ̀ ti jẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ ọmọ ìlú kan tó láti mú un bá Òṣogbo mu. Kò ya àwòrán lé ògiri tí ó ti wà nílẹ̀. Òun gan-an ni ó mọ ògiri.

Àwọn Àtíbàbà Ojú Ọ̀nà BRT ní Èkó

Ní ọdún 2002 ni wọ́n fi òfin dá àjọ LAMATA sílẹ̀ láti mójú tó ètò ìrìnnà ní Èkó. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ojú ọ̀nà tí ó gùn tó kìlómítà 22 láti Mile 12 dé CMS. Ní ọdún 2015, wọ́n fà á dé Ìkòròdú.

Lámèyítọ́ tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò kọ́kọ́ yin ohun tí ó yẹ fún ìyìn. Kí ètò yìí tó dé, ìjàkadì ni wíwọ ọkọ̀ jẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó ń rí mólùè tàbí dánfó wọ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀. BRT mú títò sórí ìlà wá. Arúgbó àti aláboyún tí wọn kò lè sáré tẹ̀lé ọkọ̀ rí ibi tí wọ́n lè dúró dè é. Ìjọra àwọn àtíbàbà náà sì ní èrè tirẹ̀: àlejò tí kò dé Èkó rí lè mọ ibi tí ọkọ̀ ń dúró láìbéèrè, ohun tí ó bá sì bà jẹ́ ní Kétu ṣeé fi irú rẹ̀ rọ́pò kíákíá. Ìwà rere ni gbogbo èyí.

Àléébù wọn bẹ̀rẹ̀ láti ara ìbéèrè èkíní. Bí èrò bá pọ̀ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìlà a máa gùn kọjá ibi tí òrùlé dé, àwọn tí ó wà lẹ́yìn a sì wà nínú oòrùn tàbí nínú òjò. Òjò Èkó ní oṣù kẹfà kì í ṣe ohun kékeré, kì í sì í fìgbà gbogbo wálẹ̀ ṣánṣán; afẹ́fẹ́ a máa gbé e wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn tí ó ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ èyí. Òrùlé tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òpó irin kò fi hàn pé ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ ronú kàn án.

Bákan náà, ohun tí èrò ń ṣe ní ibùdókọ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Mile 12 ni ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta tòmátì, ata àti oríṣiríṣi oúnjẹ mìíràn wà. Ẹni tí ó ti ọjà dé pẹ̀lú àpò lọ́wọ́ àti ọmọ lẹ́yìn nílò ibi tí yóò gbé ẹrù lé, tí kò ní jẹ́ ilẹ̀ tí omi dúró sí. Ibùdókọ̀ tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tí ó wà ní Ìdí-Àràbà, nílò ìjókòó púpọ̀, nítorí pé aláìsàn kò lè dúró pẹ́. Èyí tí ó wà nítòsí pápá ìṣeré yóò rí èrò rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà kò ní rí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti fi ojú sí èyí, àwọn àtíbàbà náà ìbá yàtọ̀ síra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kun ọ̀dà ọ̀tọ̀ sí wọn lára. Ìyàtọ̀ tí ó ti inú ìlò jáde ni ojúlówó ìyàtọ̀.

Ní ti ẹni tí ó kọ́ ọ àti ohun tí ó ń sọ, ìpolówó ọjà ni ó ń gba ibi tí ojú kọ́kọ́ ń bá lára irú àtíbàbà báyìí. Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1964, Jean-Claude Decaux gbé àtíbàbà tí owó ìpolówó ń san kalẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé. Àdéhùn náà rọrùn: ilé-iṣẹ́ yóò kọ́ àtíbàbà, yóò sì máa tọ́jú rẹ̀, ìlú yóò jẹ́ kí ó fi ara rẹ̀ polówó. Ó tàn káàkiri ayé nítorí pé ó dín ìnáwó ìlú kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sanwó ojú ni ó ni ojú. Níbi tí Ọbáníkòró ìbá ti sọ ìtàn oyè, ohun mímu tàbí fóònù ni ó ń sọ̀rọ̀. Orúkọ àdúgbò fúnra rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i. Ọmọ tí kò bá ní àgbà tí yóò tọ́ ọ sọ́nà a máa pe orúkọ ibi tí ó ń gbé bí ẹni ń pe orúkọ ìlú òkèèrè.

Krumbach àti Curitiba: Ìfiwéra

Abúlé kan ní àárín òkè ilẹ̀ Austria gbìyànjú láti yẹra fún ìjọra yìí. Krumbach, tí àwọn olùgbé rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, ní kí àwọn ayàwòrán ilé láti orílẹ̀-èdè méje, Japan, Ṣáínà, Chile, Rọ́ṣíà, Norway, Spain àti Belgium, ya àtíbàbà kọ̀ọ̀kan. Wọn kò san owó iṣẹ́ fún wọn. Ìsinmi ní agbègbè náà ni wọ́n fi ṣe ọrẹ fún wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ agbègbè náà ni wọ́n bá wọn kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí àtíbàbà méjèèje ní ọdún 2014.

Ìròyìn iṣẹ́ náà kàn káàkiri ayé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé e lé òṣùwọ̀n ìwà lẹwà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ó yege. Èyí tí Sou Fujimoto láti Japan yà jẹ́ igbó ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àtẹ̀gùn kan gba àárín rẹ̀ gòkè. Ó wuni lójú, ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Òjò tí ó bá ń pa Krumbach yóò pa ẹni tí ó dúró síbẹ̀. Ìkòkò tí ń jò ni. Èyí tí ẹgbẹ́ Ensamble Studio láti Spain yà jẹ́ pákó igi óòkù tí wọn kò kùn, tí wọ́n tò léra bí àwọn oníṣẹ́ igi agbègbè náà ti ń to pákó kí ó lè gbẹ. Èyí súnmọ́ ilé, nítorí pé ìṣe àdúgbò ni ó di ògiri. Èyí tí Rintala Eggertsson láti Norway yà ni ó dára jù nínú wọn. Ẹ̀gbẹ́ pápá tẹ́níìsì ni ó wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ibi ìdúró èrò ọkọ̀, òkè rẹ̀ sì jẹ́ ibi ìjókòó fún àwọn tí ń wo eré. Ayàwòrán náà wo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ kí ó tó ya ohunkóhun. Ilé ni ó wò kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò ni.

Àpẹẹrẹ Curitiba ní ilẹ̀ Bràsíìlì gba ibòmíràn yọ. Ní ọdún 1991, nígbà tí Jaime Lerner, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ayàwòrán ilé, ń ṣe olórí ìlú náà, wọ́n gbé àtíbàbà onígíláàsì tí ó rí roboto bí ọ̀pá ihò kalẹ̀. Gbogbo wọn jọra gẹ́gẹ́ bí ti Èkó. Ṣùgbọ́n inú wọn ni èrò ti ń san owó kí ọkọ̀ tó dé. Ilẹ̀ wọn ga dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ ọkọ̀, tí arúgbó kò fi ní í gun àtẹ̀gùn wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ní ohun tí ń gbé e gòkè. Nítorí ìlò yìí ni àtíbàbà náà ṣe di ohun tí wọ́n fi ń dá Curitiba mọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ya àwòrán àṣà ìlú náà sí i lára. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó wà nínú ìfáárà. Ìjọra nìkan kọ́ ni àléébù, ìyàtọ̀ nìkan kọ́ sì ni ẹ̀yẹ. Àtíbàbà tí ó jọra lè jẹ́ ti ìlú bí ó bá mọ ará ìlú lò. Èyí tí ó dá yàtọ̀ pátápátá lè jẹ́ àlejò bí kò bá mọ̀ wọ́n lò.

Ohun Tí Àwọn Ìlú Yorùbá Lè Rí Kọ́

Ewu kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí ń gbèrò àtíbàbà tuntun kíyè sí. Ó rọrùn láti ya gángan, igbá tàbí adìrẹ sí ara irin, kí wọ́n sì kéde pé àṣà ti dé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ó wọ agbádá lé ara tí kò wẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwùjọ Mile 12 tàbí Kétu kì í ṣe Yorùbá nìkan; Haúsá, Ìgbò, Ègùn àti àwọn mìíràn ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀. Ọdán kò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí àtíbàbà bá fẹ́ jẹ́ ti Yorùbá ní tòótọ́, ìwà ọdán náà ni yóò kọ́kọ́ ní.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ayàwòrán ilé dúró ní ibùdókọ̀ náà, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ní ọjọ́ òjò àti ní ọjọ́ oòrùn, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ wá ìyá ọlọ́jà, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu wò. Òrùlé yẹ kí ó yọ síta bí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó sì gùn tó ìlà èrò. Níbi tí àyè bá wà, kí wọ́n gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò bójú mu kí ibi tí ń jẹ́ Ìdí-Ìrókò má ní igi kankan. Ó yẹ kí àyè wà fún ẹni tí ń ta omi àti ẹ̀pà, kí lílé wọn kiri má baà di iṣẹ́ òòjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Alágbẹ̀dẹ, gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà àdúgbò yẹ kí wọ́n lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá bá wọn kọ́ ohun kan kì í fẹ́ kí ó bà jẹ́ lójú rẹ̀. Bí ìpolówó kò bá ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ nítorí owó, kí ó má gba ojú tí ó tọ́ sí orúkọ.

Orúkọ náà ni iṣẹ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá gan-an. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tí ó sọ ìtàn rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ lè gba ìtàn wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Kò ní ná ìjọba ní owó tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé sún síwájú, nítorí pé àwọn tí ó mọ ìtàn náà ń dàgbà, wọ́n sì ń lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àtíbàbà ibùdókọ̀ yẹ fún àyẹ̀wò lámèyítọ́ gẹ́gẹ́ bí ewì àti ìtàn àròsọ ti yẹ fún un. Èkó ti ọdún 2008 mú ètò wá, ṣùgbọ́n kò wo àdúgbò lójú. Krumbach wo àdúgbò, síbẹ̀ òrùlé sọnù lórí ọ̀kan nínú iṣẹ́ rẹ̀. Curitiba fi hàn pé ìlò tí ó dára lè di ìdánimọ̀ fún ìlú. Ọdán àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ènìyàn tí ó pọ̀ jù lọ ní ìlú kò ní wọ ààfin, wọn kò sì ní wọ ilé ọnà. Ibùdókọ̀ ni wọn yóò dúró sí, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ìlú ka àwọn kún ènìyàn.